Ṣé onígbàgbọ́ lè mọ̀ dájú pé òun ti ní ìgbàlà? Bàbá mi ń bẹ̀rù

Ọmọ Tíṣà (Ògbómọ̀ṣọ́) kọ pé:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará nínú Olúwa. Bàbá mi ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, díákónì sì ni wọ́n ní ìjọ Onítẹ̀bọmi wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wàásù káàkiri lónìí, ọ̀dọ̀ bàbá mi ni wọ́n ti kọ́ ẹsẹ Bíbélì sórí ní Sọ́ńdè-sukúù. Láti ìgbà tí àìsàn ti dá wọn dúbúlẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu wọn: "Ǹjẹ́ mo ṣe tó báyìí? Ṣé Ọlọ́run á gbà mí?"

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé ta ló ṣiṣẹ́ ìjọ tó wọn, pé owó àti òógùn wọn wà nínú ilé ìjọsìn tí a ń lò. Àbúrò mi tó wà ní ìjọ mìíràn ní kí wọ́n jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ wọn láti kékeré, lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé èyí tí wọ́n bá gbàgbé lè dá wọn dúró lẹ́nu ibodè. Ìdáhùn méjèèjì ló ń dá kún ẹ̀rù bàbá. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá sọ tirẹ̀ tán, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní, "Ẹ ò mọ̀ mí tán." Tí àbúrò mi bá sọ tirẹ̀, wọn ò ní sùn lóru ọjọ́ náà.

Kí ni kí n sọ fún wọn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Bíbélì dá mi lóhùn.

Adé Sábó kọ pé:

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá, Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ni èmi fara mọ́. Hébérù 6:10 sọ pé Ọlọ́run kì í ṣe aláìṣòdodo tí yóò fi gbàgbé iṣẹ́ wọn. Ẹ kà á sí wọn létí.

Olùkọ́ Bíbélì kọ pé:

Ọmọ Tíṣà, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ sì kú ìrọ́jú. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù tí ìjọ Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1898 ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́, mo sì ti jókòó ti ọ̀pọ̀ àgbà onígbàgbọ́ lórí ibùsùn àìsàn. Ìbéèrè bàbá yín kò ṣàjèjì sí mi. Àwọn tó fi tọkàntọkàn sin Olúwa ló sábà máa ń béèrè rẹ̀, nítorí pé wọ́n mọ bí Ọlọ́run ti mọ́ tó.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó le níbẹ̀. "Ǹjẹ́ mo ṣe tó?" Rárá o. Bàbá ò ṣe tó. Èmi náà ò ṣe tó. Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù ò ṣe tó, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ bẹ́ẹ̀ ní Fílípì orí 3, níbi tó ti ka gbogbo ohun tó lè fi yangàn, tó wá pè é ní àdánù nítorí Kristi. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín kò fi lè tu bàbá nínú. Bàbá mọ inú ara wọn. Wọ́n rántí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ tí kò dára, èrò tí wọ́n rò lórí àga díákónì, àdúrà tí wọ́n fi ẹnu lásán gbà. Ọkàn wọn ń sọ òtítọ́ fún wọn pé òṣùwọ̀n yẹn kò kún. Òṣùwọ̀n kan náà sì ni àbúrò yín gbé wá. Ẹ̀gbọ́n ń ka rere, àbúrò ń ka búburú. Kò sí èyí tí Bíbélì ní ká fi wọ ìjọba Ọlọ́run nínú méjèèjì.

Éfésù 2:8-9 ti sọ ọ́: oore-ọ̀fẹ́ ni a fi gbà wá là nípa ìgbàgbọ́, ẹ̀bùn Ọlọ́run ni, kì í ṣe nípa iṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣògo. Ẹ tún ka Róòmù 4:5. Ibẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ti sọ pé ẹni tí kò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tó gba Ẹni tí ń dá aláìwà-bí-Ọlọ́run láre gbọ́, ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni a kà sí òdodo fún un. Aláìwà-bí-Ọlọ́run ni ó kọ síbẹ̀. Bàbá lè wọlé láti ẹnu ọ̀nà yẹn, bí wọ́n tilẹ̀ rò pé àwọn ti bàjẹ́ ju bí ẹ ti mọ̀ lọ.

Ẹ wo olè tó wà lórí àgbélébùú ní Lúùkù 23. Kò rí àyè ṣe ìrìbọmi, kò rí àyè dá ohun tó jí padà, kò tilẹ̀ jókòó gbọ́ ìwàásù kan rí tí a mọ̀. Gbólóhùn kan ni ó bẹ Jésù, Jésù sì fi "lónìí" dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n fi alẹ́ ìrékọjá ní Íjíbítì kún un. Ọlọ́run ní kí ilé kọ̀ọ̀kan fi ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́ àgùntàn sí òpó ìlẹ̀kùn. Mo gbà pé bàbá kan wà lóru yẹn tó ń gbọ̀n, tó ń rìn lọ rìn bọ̀, tó ń fọwọ́ kan orí àkọ́bí rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń mí. Ó ṣeé ṣe kí aládùúgbò rẹ̀ ti sùn fọnfọn. Ní òwúrọ̀, àkọ́bí àwọn méjèèjì wà láàyè. Ohun tí Ọlọ́run sọ ní Ẹ́kísódù 12:13 ni pé nígbà tí òun bá rí ẹ̀jẹ̀ náà, òun ó ré wọn kọjá. Ojú Ọlọ́run ni ó ń wo ẹ̀jẹ̀ náà. Kò wo bí ọkàn ẹni tó wà nínú ilé ti balẹ̀ tó.

Nítorí náà, tí bàbá bá tún béèrè bóyá àwọn ṣe tó, ẹ má sáré sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ sọ fún wọn pé Jésù ṣe tó. Ẹ wá ka Jòhánù 5:24, Jòhánù 10:27-29 àti 1 Jòhánù 5:13 sí wọn, díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo fẹ́ fi ohun kan kún un nítorí pé Yorùbá ni wá. A dàgbà bá òwe tó ní ohun gbogbo tí a bá ṣe láyé, la ó kúnlẹ̀ rò níkàlẹ̀ ọ̀run. Mo mọ̀ pé òwe yẹn wà nínú ẹ̀rù bàbá. Kò sì purọ́. 2 Kọ́ríńtì 5:10 náà ní gbogbo wa ni a ó fara hàn níwájú ìtẹ́ ìdájọ́ Kristi. Ṣùgbọ́n 1 Jòhánù 2:1 jẹ́ ká mọ̀ pé ẹni tó bá kúnlẹ̀ níbẹ̀ nínú ìgbàgbọ́ ní Alágbàwí, Jésù Kristi olódodo. Onídàájọ́ náà gan-an ni ó kú fún un. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ òwe náà létí aláìsàn, kó má gbàgbé láti sọ èyí.

Ọ̀nà Tóóró kọ pé:

Ẹ̀yin Olùkọ́, mo júbà o, ṣùgbọ́n ẹ gbà mí láàyè kí n sọ tèmi. Ẹ̀kọ́ yìí léwu. Mo ti rí àwọn ọmọ yahoo nínú ìjọ tó jẹ́ pé àwọn ló ń jó jù nídìí ìdúpẹ́. Tí ẹ bá bá wọn wí, wọ́n á ní àwọn wà lábẹ́ oore-ọ̀fẹ́, pé ẹni tí Ọlọ́run bá ti gbà là kì í sọ ọ́ nù. Kí ni ẹ fẹ́ ṣe sí Hébérù 6:4-6, tó sọ̀rọ̀ àwọn tó ti tọ́ ẹ̀bùn ọ̀run wò tí wọ́n sì ṣubú kúrò? Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ sọ ní 1 Kọ́ríńtì 9:27 pé òun ń kó ara òun níjàánu kí òun má baà di ẹni ìtanù lẹ́yìn tí òun ti wàásù fún àwọn ẹlòmíràn. Jésù ní kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń pe òun ní Olúwa, Olúwa, ni yóò wọlé.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ dẹ́rù ba bàbá. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni ká máa sọ pé àlàáfíà ni níbi tí àlàáfíà kò sí.

Ìyá Ìbejì kọ pé:

Ọmọ Tíṣà, ọmọ mi, mo ti ń fi bàbá sínú àdúrà. CAC ni èmi, a kì í fi àdúrà ṣeré.

Nǹkan kan wà tó ti ń dùn mí nínú ìwà wa, mo fẹ́ sọ ọ́ níbí. Nígbà tí ẹnìkan bá kú nílùú yìí, ẹ wo ohun tí a máa ń kọ sórí pátákó òkú tí a ń gbé kọ́ sí oríta: "Ó ti wọ inú ògo lọ," "Ó ń sinmi ní àyà Jésù." Kò sẹ́ni tó ń bi wá pé báwo la ṣe mọ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó ṣì wà láàyè bá dìde nínú ìjọ, tó ní "Mo mọ̀ pé tí mo bá kú lónìí, ọ̀dọ̀ Jésù ni mò ń lọ," ojú á yí sí i. Wọ́n á ní ó ń gbéraga. Wọ́n á ní ta ni í. Àwọn àgbà á rọra sọ pé a kì í sọ bẹ́ẹ̀, pé ká máa sọ pé "tí Ọlọ́run bá ṣàánú."

Ọlọ́run ti ṣàánú! Ó ṣàánú ní Gọ́lgọ́tà! Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ló gbà mí là, tí mo wá ní mo dájú, ìgbéraga nìyẹn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí Ẹni tó ṣe é kì í bá ṣe èmi, tí mo sì sọ pé ó dá mi lójú, Ẹni tó ṣe é ni mò ń yìn. Ẹni tó ní òun ò mọ̀ bóyá Jésù á mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, ṣé ìrẹ̀lẹ̀ ni ká pe ìyẹn?

Àwọn òbí wa tí ìsọjí 1930 ní Iléṣà kàn lára, tí wọ́n kó òòṣà àti oògùn wọn jáde, wọ́n á sọ fún ẹ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé Jésù ti gba àwọn. Níbo ni a ti wá kọ́ ìfòyà yìí?

Olùkọ́ Bíbélì kọ pé:

Ọ̀nà Tóóró, ẹ ò ṣẹ̀ mí rárá. Ìbéèrè tó yẹ ká béèrè ni ẹ béèrè.

Ọ̀rọ̀ Jésù yẹn ní Mátíù 7, ẹ kà á dé ẹsẹ 22 àti 23. Kí ni àwọn tí wọ́n lé padà mú wá síwájú rẹ̀? Iṣẹ́ ni. Wọ́n sọ tẹ́lẹ̀, wọ́n lé ẹ̀mí èṣù jáde, wọ́n ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ìdáhùn Jésù ni pé òun kò mọ̀ wọ́n rí. Kò sọ pé òun ti mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀ kí òun tó gbàgbé wọn. Àwọn ọmọ tí ẹ ń sọ yìí wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó ń jí owó opó kan ní òkè òkun jẹ, tó ń jó sí i, tí kò sì ní ín lọ́kàn láti fi í sílẹ̀, kò sí ẹsẹ kan nínú Bíbélì tí mo lè fi fọkàn rẹ̀ balẹ̀. Róòmù 6:1-2 ni mo ní fún un.

Ní ti Hébérù 6, àwọn olùfọkànsìn ti ń jiyàn lé e lórí tipẹ́. Àwọn kan ní onígbàgbọ́ tòótọ́ lè ṣubú pátápátá. Àwọn kan ní àwọn tó kàn fara mọ́ ìjọ láìní gbòǹgbò ni. Ìhà kejì yìí ni èmi wà, nítorí 1 Jòhánù 2:19 tó ní bí wọ́n bá jẹ́ tiwa, wọn ì bá bá wa dúró. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹsẹ 9 nínú Hébérù 6 náà: lẹ́yìn ìkìlọ̀ líle yẹn, òǹkọ̀wé náà yíjú sí àwọn ará, ó pè wọ́n ní olùfẹ́, ó ní ohun tó dára jù dá òun lójú nípa wọn, ohun tó bá ìgbàlà lọ. Adé Sábó, ẹsẹ 10 tí ẹ tọ́ka sí náà, àwọn ẹni ẹsẹ 9 yìí ni ó ń bá wí. Ó fi iṣẹ́ ìfẹ́ wọn hàn bí àmì pé ìgbàgbọ́ wọn wà láàyè. Owó ibodè kọ́.

Ẹni tí ìkìlọ̀ Hébérù 6 wà fún ni ẹni tó kọ Kristi sílẹ̀ tí kò sì bìkítà. Bàbá Ọmọ Tíṣà ń sunkún kí Kristi má baà kọ àwọn sílẹ̀. Àwọn méjèèjì ò jọ ara wọn rárá. Ọmọ tó ṣẹ̀ bàbá rẹ̀ á jẹ ẹgba, kò ní rójú sùn títí tí wọ́n á fi bá a parí ọ̀rọ̀ náà, síbẹ̀ kò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ di àlejò nínú ilé. Pétérù sẹ́ Jésù nígbà mẹ́ta lóru ọjọ́ kan. Kí ó tó sẹ́ ẹ ni Jésù ti sọ fún un ní Lúùkù 22:32 pé òun ti gbàdúrà fún un kí ìgbàgbọ́ rẹ̀ má baà yẹ̀. Àdúrà yẹn ló mú Pétérù padà.

Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH kọ pé:

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, mi ò sì lè dákẹ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ bàbá yìí, tèmi náà ni, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún.

Kò sí ìsọjí tí mo lọ tí mi ò jáde síwájú pẹpẹ tí wọ́n bá ti pe àwọn tó fẹ́ gba Jésù. Ní ilé ìjọ wa, ní ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àdúgbò Under G, ní ìpàgọ́ ọdún tuntun. Mo máa ń gba àdúrà náà, ara mi á yá gágá. Tó bá di ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, inú á bí mi sí ẹnìkan tàbí kí èrò burúkú wá sọ́kàn mi, mo máa ní, "Ṣé o rí i, o ò tíì di àtúnbí." Mo máa ń rò ó pé bóyá mi ò gba àdúrà náà dáadáa, bóyá ìgbàgbọ́ mi ò tó, bóyá mi ò sunkún tó. Àwọn ẹlòmíràn ní ọjọ́ tí wọ́n lè tọ́ka sí. Èmi, èwo ni kí n tọ́ka sí nínú wọn?

Ẹ dákun, báwo ni èèyàn ṣe ń mọ̀ pé ìgbàgbọ́ òun ti tó?

Olùkàwé Ìjọ, Ọ̀yọ́ kọ pé:

Àbúrò mi Akẹ́kọ̀ọ́, ṣé o rí i, o kò dá nìkan wà níbẹ̀. Ìjọ Áńgílíkà ni mo ti ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì fún ìjọ, mo sì fẹ́ràn ìtàn, nítorí náà jẹ́ kí n fi ìtàn dá ọ lóhùn.

Àlùfáà ìjọ wa ni John Wesley kí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tó wà. Ó ń gbààwẹ̀, ó ń bẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wò, ó tilẹ̀ ré òkun kọjá láti lọ wàásù ní Georgia ní Amẹ́ríkà. Nínú ọkọ̀ ojú omi, ní oṣù kìíní ọdún 1736, ìjì líle dé. Àwọn onígbàgbọ́ ará Jámánì kan wà nínú ọkọ̀ náà tí wọ́n ń pè ní Moravian. Omi ya wọnú ọkọ̀, àwọn èèyàn ń ké, àwọn Moravian yìí ń kọrin lọ ní tiwọn, àtobìnrin àtọmọdé. Ẹ̀rù ikú ba Wesley, ó sì rí i pé ohun tí àwọn wọ̀nyí ní, òun tí òun jẹ́ àlùfáà kò ní in. Ó padà sílé pẹ̀lú ìrẹ̀wẹ̀sì. Ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 1738, ó lọ sí ìpàdé kékeré kan ní òpópónà Aldersgate ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹnìkan ń ka àlàyé tí Martin Luther ṣe síwájú ìwé Róòmù. Ibẹ̀ ni ó ti gbẹ́kẹ̀ lé Kristi nìkan ṣoṣo fún ìgbàlà, tó sì dá a lójú pé Kristi ti kó ẹ̀ṣẹ̀ òun lọ, ẹ̀ṣẹ̀ tòun gan-an.

Wesley gbà pé onígbàgbọ́ lè ṣubú. George Whitefield ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì bá ara wọn jiyàn gan-an lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ló ń wàásù pé èèyàn lè mọ̀ lónìí pé a ti dárí ẹ̀ṣẹ̀ òun jì. Nítorí náà, Olùkọ́ Bíbélì àti Ọ̀nà Tóóró lè wà ní ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n sì jọ jókòó ti bàbá yẹn, kí wọ́n sọ ohun kan náà fún wọn.

Kì í ṣe gbogbo ìjọ ló gbà bẹ́ẹ̀ o. Ìpàdé ńlá ìjọ Àgùdà ní Trent sọ ní 1547 pé kò sí ẹni tó lè fi ìdánilójú ìgbàgbọ́ tí kò lè ṣì mọ̀ pé òun ti rí oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run gbà. Àwọn tó kọ ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ Westminster ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1646 sọ ní tiwọn pé èèyàn lè mọ̀. Ohun tó jẹ́ ìtùnú fún ọ wà nínú orí kejìdínlógún rẹ̀: wọ́n ní onígbàgbọ́ tòótọ́ lè dúró pẹ́, kó bá ọ̀pọ̀ ìṣòro jà, kí ìdánilójú yìí tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó sì lè mì nígbà mìíràn. Ìgbàlà lọ́tọ̀, pé kí ó dáni lójú lọ́tọ̀. Ẹni tí kò tíì dá lójú lè jẹ́ ọmọ Ọlọ́run.

O béèrè báwo ni èèyàn ṣe ń mọ̀ pé ìgbàgbọ́ òun ti tó. Àbúrò, Jòhánù 6:37 kò sọ bí ìgbàgbọ́ ti gbọ́dọ̀ tóbi tó. Ó ní ẹni tó bá tọ Jésù wá, kò ní ta á nù bó ti wù kó rí. Ṣé o ti tọ̀ ọ́ wá? O ti wá débi pé ẹsẹ̀ ń dùn ọ́! Dípò kí o máa yẹ àdúrà rẹ wò bóyá ó dára, yẹ Ẹni tí o gbàdúrà sí wò. Ọjọ́ tí o gbàgbọ́, bí o kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Ohun tí o gbọ́dọ̀ mọ̀ ni ta ni o gbẹ́kẹ̀ lé ní báyìí.

Ọmọ Òṣoògùn ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ wa níbí ni Samuel Ajayi Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú Bíbélì sí èdè wa, Róòmù wà lára àwọn ìwé tó kọ́kọ́ jáde, ní 1850. Inú mi máa ń dùn sí ìyẹn. Ka orí kẹjọ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹsẹ kìíní ní kò sí ẹ̀bi, ẹsẹ tó gbẹ̀yìn ní kò sí ohun tó lè yà wá kúrò nínú ìfẹ́ Ọlọ́run.

Ọ̀nà Tóóró kọ pé:

Mo gbọ́ yín, Olùkọ́. Mo gbọ́ Olùkàwé náà. Lórí ṣíṣubú, ibi tí mo wà ni mo ṣì wà. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ọkùnrin tó ń ké pe Kristi lórí ibùsùn kì í ṣe ẹni tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ Tíṣà, ẹ bá mi sọ fún bàbá pé ẹnìkan tí kò mọ̀ wọ́n rí ń gbàdúrà fún wọn. Kí àbúrò yín náà dáwọ́ àkọsílẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ yẹn dúró. Èmi tí mo ń wàásù ìwà mímọ́, mi ò mọ ẹni tó lè rántí gbogbo tirẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà kọ pé:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ Ọlọ́run o. Ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ Tíṣà, nǹkan méjì péré. Àgbàlagbà tí kò rí oorun sùn, tí ara ń ro, tí oúnjẹ kò wọlé fún, ẹ̀rù àti ìbànújẹ́ máa ń tètè bò ó. Ẹ sọ fún dókítà wọn pé wọn ò sùn, pé inú wọn bàjẹ́ lójoojúmọ́. Àìsàn lè sọ ọkàn èèyàn di òkùnkùn láìjẹ́ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kú. Wòlíì Èlíjà ní kí òun kúkú kú ní 1 Àwọn Ọba 19. Oúnjẹ àti oorun ni Ọlọ́run kọ́kọ́ fún un.

Ìkejì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ pé "Ẹ ò mọ̀ mí tán" yẹn. Ẹ fara balẹ̀ bi wọ́n, ní ẹ̀yin nìkan, bóyá ohun kan wà lọ́kàn wọn. Kì í ṣe kí wọ́n máa ka ẹ̀ṣẹ̀ láti kékeré. Ohun kan pàtó sábà máa ń wà níbẹ̀.

Ọmọ Tíṣà kọ pé:

Ẹ ṣé gan-an ni, gbogbo yín. Mo ṣe bí Nọ́ọ̀sì ṣe wí. Ohun kan wà lóòótọ́. Ilẹ̀ ẹbí ni. Nígbà tí wọ́n pín in, bàbá mi tó mọ̀wé ló mú ìwé náà dání, ìpín àbúrò wọn sì kéré ju bó ti yẹ lọ. Láti ìgbà náà ni àwọn méjèèjì kò ti jọ jẹun. Wọ́n fẹ́ dá ilẹ̀ náà padà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ń yarí. Ohun tó wá dà mí lọ́kàn rú ni pé bàbá ní, "Tí mo bá dá a padà, ṣé Ọlọ́run á wá gbà mí?" Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣé kì í ṣe pé mo ti tún dá wọn padà sórí "ṣé mo ṣe tó"?

Olùkọ́ Bíbélì kọ pé:

Ẹ ti gbọ́ ọ yé ju ọ̀pọ̀ oníwàásù lọ. Ẹ ka Lúùkù 19 sí wọn, ìtàn Sákéù. Sákéù ti fi èrú gba ohun olóhun. Ta ló kọ́kọ́ ṣe nǹkan níbẹ̀? Jésù ni. Ó gbójú sókè, ó pè é ní orúkọ, ó ní òun máa wọ̀ sílé rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Sákéù fi ayọ̀ gbà á. Ẹ̀yìn ìgbà tí Jésù ti gbà á ni Sákéù dìde tó ní òun á fún àwọn tálákà ní ìdajì ohun ìní òun, òun á sì san ìlọ́po mẹ́rin padà fún ẹni tí òun rẹ́ jẹ. Ayọ̀ ló fi ń sanwó. Kò sí ìbẹ̀rù kankan níbẹ̀.

Nítorí náà ẹ sọ fún bàbá pé kí wọ́n dá ilẹ̀ náà padà, kí wọ́n má fi dọ̀la. Ti àbúrò wọn ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n dá a padà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a ti dárí jì. Tí ẹ̀mí wọn bá bọ́ lónìí kí ìwé tó parí, ẹ̀jẹ̀ Jésù kò retí agbẹjọ́rò. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ ni ẹ ó parí rẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé bàbá ò sọ ọ́ di òtòṣì. Bàbá ò fẹ́ kó jogún ẹjọ́ ni.

Adé Sábó kọ pé:

Tí àbúrò bàbá ò bá gbà ńkọ́? Tó bá ní ó ti pẹ́ jù?

Ìyá Ìbejì kọ pé:

Róòmù 12:18 ní bó bá ṣeé ṣe, níwọ̀n bó ti wà lọ́wọ́ yín. Kí wọ́n ránṣẹ́ pè é. Tí kò bá wá, kí Ọmọ Tíṣà gba ohùn bàbá sílẹ̀ sórí fóònù, kó mú un lọ bá a pẹ̀lú àgbà kan nínú ẹbí. Tó bá tún kọ̀, ilẹ̀ náà á ṣì jẹ́ tirẹ̀, ìdáríjì tí Ọlọ́run fún bàbá kò sì sí lọ́wọ́ àbúrò wọn.

Kí pásítọ̀ yín náà gbé oúnjẹ Olúwa wá bá wọn nílé. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà nílò rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH kọ pé:

Mo ka Róòmù 8 lálẹ́ àná, mo sì tún kà á láàárọ̀ yìí. Ẹ ṣé, sà. Ìsọjí mìíràn ń bọ̀ ní ìparí oṣù. Tí wọ́n bá pe àwọn tó fẹ́ gba Jésù, ṣé kí n jáde ni àbí kí n jókòó?

Olùkàwé Ìjọ, Ọ̀yọ́ kọ pé:

Jókòó. Máa gbàdúrà fún àwọn tó ń jáde, nítorí pé ẹnìkan lè wà láàrin wọn tí kò mọ Jésù rí. Tí o bá ṣẹ̀, jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ náà lórí àga tí o wà gẹ́gẹ́ bí ọmọ. 1 Jòhánù 1:9 tó fún ọ. Tí ọkàn rẹ bá tún ń dá ọ lẹ́bi lẹ́yìn náà, 1 Jòhánù 3:20 ní Ọlọ́run tóbi ju ọkàn wa lọ, ó sì mọ ohun gbogbo. Wá ẹgbẹ́ kékeré kan tí wọ́n ń ka Bíbélì ní ìtòsí rẹ, má dá nìkan gbé ẹrù yìí. Tó bá sì le fún ọ lóru, kọ̀wé síbí, a ó rí i.